Àpótí Pákó fún Ampilifáyà Tí A Tò Fúnra Wa: Ta Ló Jẹ̀bi Kíkùn Yẹn?

Ìbéèrè: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo to ampilifáyà kékeré kan fúnra mi, tiransifọ́mà ló ń fún un níná, ó sì ń dún dáadáa lórí tábìlì. Mo wá kan àpótí fún un. Plywood tó nípọn tó mìlímítà 12 ni mo fi ṣe ara rẹ̀, mo sì fi ojúlówó igi ṣe ìdérí kó lè dùn ún wò. Àtìgbà tí mo ti kó o sínú àpótí ló ti ń kùn, ìdérí ń gbóná, ó sì ti ń tẹ̀. Ẹnu fólúùmù ò tilẹ̀ yọ síta tó kí n lè fi nọ́ọ̀tì dè é, gúlúù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní pákó ló fa gbogbo rẹ̀, pé kí n jù ú nù kí n ra àpótí irin. Ẹlòmíì ní yóò gbiná lọ́jọ́ kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ kú làálàá, ó sì dáa tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Ìṣòro mẹ́rin lẹ kà sílẹ̀, ìbẹ̀rù kan sì wà lẹ́yìn wọn. Ó ń kùn, ó ń gbóná, ìdérí ń tẹ̀, fólúùmù ò kọjá pákó. Ẹ wá ń bẹ̀rù iná. Ẹ dì wọ́n pọ̀ bíi pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ yín sì dá ẹjọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pákó jẹ̀bi ọ̀kan, ó lọ́wọ́ díẹ̀ nínú ìkejì, àwọn tó kù kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí kíkùn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa ń mú èèyàn náwó síbi tí kò tọ́. Pákó kì í dá kíkùn tó ń ti sípíkà jáde sílẹ̀, kì í sì í dá a dúró. Bí afẹ́fẹ́ lásán ló ṣe rí lójú ẹ̀rọ. Ohun tó yí padà láti orí tábìlì dé inú àpótí ni àyè. Lórí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí tiransifọ́mà wà lọ́wọ́ òsì kí bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí àlàfo tó tó apá ọmọdé sì wà láàárín wọn. Nínú àpótí, ẹ tì wọ́n mọ́ ara wọn. Tiransifọ́mà máa ń tú agbára òòfà sí àyíká rẹ̀, agbára yìí sì ń yí síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí iná ibi téèyàn wà bá ṣe rí. Wáyà tín-ín-rín tó ń gbé ohùn wọlé ń gbá a mú bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ampilifáyà ò mọ èyí yàtọ̀ sí orin, á kàn sọ ọ́ di ńlá.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn àwọn ọ̀rẹ́ yín ti kù díẹ̀ káàtó. Tó bá jẹ́ àpótí àlùmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ lọ rà, kò lè dí agbára òòfà yẹn lọ́nà. Ó máa ń dí ariwo mìíràn, irú èyí tí wáyà inú ògiri àti fóònù ń rán wá, àmọ́ òòfà tiransifọ́mà á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Irin dúdú, èyí tí òòfà máa ń lẹ̀ mọ́, ló máa ń gbìyànjú díẹ̀. Mo ti rí àpótí àlùmíníọ̀mù tó ń dán gbinrin tó sì ń kùn bí ilé oyin.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ayùn, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àwọn kápásítọ̀ ńlá, àwọn tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, tú iná inú wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tú tiransifọ́mà kúrò nídìí àpótí láìjá wáyà rẹ̀. Ẹ bo gbogbo ẹnu wáyà tí iná ilé ń gbà, kí nǹkan kan má ṣí sílẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà dé ibi tí wáyà rẹ̀ bá dé, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ pa á, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ yí tiransifọ́mà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà níbi tí iwájú rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ẹ tún un tàn. Ẹ má ṣe yí i nígbà tí iná ń bẹ lára rẹ̀. Bí kíkùn bá ń relé ń bọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń sún un, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìbú ọwọ́ kan láàárín òun àti wáyà ohùn, pẹ̀lú ìyípo díẹ̀, ti tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún lọ́ wáyà méjèèjì tó ń gbé iná jáde lára rẹ̀ mọ́ ara wọn bí okùn.

Bí kò bá yí padà, ẹ yí fólúùmù sílẹ̀ pátápátá. Kíkùn tó bá bá fólúùmù wálẹ̀, ẹnu ọ̀nà ohùn ló ti ń wọlé. Èyí tí kò bìkítà wà lẹ́yìn fólúùmù, ó sì lè jẹ́ pé kápásítọ̀ tó ń mú iná tòrò kò tó. Etí tó ti mọ́ra lè fi ohùn wọn yà wọ́n sọ́tọ̀: ti òòfà wúwo, ó lọ sílẹ̀, ti kápásítọ̀ ga sí i ní ìlọ́po méjì, ó sì ń ta létí.

Ó ku ohun kan tí pákó fi yàtọ̀ sí irin lóòótọ́ lórí ọ̀rọ̀ ariwo. Nínú àpótí irin, ara fólúùmù àti ara ihò tí ohùn ń gbà wọlé máa ń kan àpótí, gbogbo wọn á sì di ọ̀kan pẹ̀lú ground, ojú odo fọ́ltì tí iná inú ẹ̀rọ ń padà sí. Nínú pákó, kálukú wà láyè ara rẹ̀. Ẹ fi ìka kan irin ara fólúùmù. Bí kíkùn bá yí padà nígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ jó wáyà kan ṣoṣo láti ara rẹ̀ lọ sí ground bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń ṣe gìtá oníná ti mọ èyí tipẹ́. Inú igi ni ẹ̀rọ tiwọn náà wà, wọ́n sì máa ń lẹ bébà bàbà mọ́ ògiri ihò tí wọ́n gbẹ́, wọ́n á so ó mọ́ ground. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sápá ibi tí ohùn ń gbà wọlé, bí bébà náà ò bá ti kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, tí kò sì sún mọ́ ibi tí iná ilé wà.

Ó ku ooru, ibi tí pákó ti lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn. Àlùmíníọ̀mù ń gbé ooru kọjá ju pákó lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 1,000. Àpótí irin máa ń bá ẹ̀rọ gbé ooru síta láti ara rẹ̀; pákó á kàn wé e mọ́ra bí aṣọ òtútù. Ẹ wo nǹkan kékeré bíi 7805, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń rẹ fọ́ltì sílẹ̀ sí 5, tí gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí fọ́ltì 12 bá wọ inú rẹ̀, tí fọ́ltì 5 jáde, tí ẹ̀rọ sì ń fa ámpì kan, wáàtì 7 ló ń di ooru lásán lára ohun tí kò tóbi ju èékánná lọ. Lórí tábìlì, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Nínú àpótí tí kò níhò, ibẹ̀ ló ń ṣẹ́ jọ sí títí ìdérí á fi gbóná. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àmọ́ eku tiwa yìí ń mí.

Ooru máa ń gòkè, ẹ jẹ́ kó rọ́nà gbà. Ẹ lu ìlà ihò kan sí ìdí àpótí lábẹ́ ohun tó ń gbóná, kẹ́ ẹ lu òmíràn sókè ẹ̀yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù á ti ìsàlẹ̀ wọlé, gbígbóná á gba òkè jáde, láìsí fáànù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ẹsẹ̀. Ihò ìdí àpótí tí kò lẹ́sẹ̀ dà bíi fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Ẹ fi rọ́bà tàbí igi tó ga tó mìlímítà 10, ó kéré tán, gbé àpótí kúrò nílẹ̀. Bí irin tó ń tu ooru (heatsink) bá ní awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí abẹ́bẹ̀, kí àwọn awẹ́ náà dúró lóòró, kí wọ́n má sùn. Ibi tó dáa jù fún irin yẹn tilẹ̀ ni ìta, lẹ́yìn àpótí, lára pẹpẹ àlùmíníọ̀mù.

Ṣé yóò wá gbiná? Ooru tẹ́ ẹ ń gbọ́ lára ìdérí yẹn kọ́ ló máa dáná sun ún. Igi kì í sábà gbiná àfi bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 250°C, bẹ́ẹ̀ 7805 máa ń pa iná ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ooru tó débẹ̀. Àmọ́ pákó tó bá pẹ́ lára ohun gbígbóná máa ń gbẹ tí á sì dúdú, irú pákó bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè gbiná ju tuntun lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń jẹ́ kí ohunkóhun tó ń gbóná kan igi tààrà. Ewu gidi wà níbi tí nǹkan ti bàjẹ́: ẹnu wáyà tó dẹ̀ tó ń ta iná, tiransifọ́mà tí wáyà inú rẹ̀ ti kanra. Fíyúùsì ló wà fún ìyẹn, lórí wáyà tó gbé iná, kó tó dé súwíìsì. Ẹ má fi èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí sí i. Tiransifọ́mà tí wọ́n kọ 50 VA (ìwọ̀n agbára tó lè gbé) sí lára, lórí iná fọ́ltì 230, kò fà ju nǹkan bíi 0.22 ámpì lọ; fíyúùsì ńlá tó wà nínú pulọ́ọ̀gì á máa wò ó níran títí yóò fi jóná. Èyí tó fi díẹ̀ ju ohun tó ń fà lọ ni kẹ́ ẹ wá, kó sì jẹ́ onísùúrù, èyí tí wọ́n kọ T sí lára, torí tiransifọ́mà máa ń gbé iná mì gbìì nígbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Bí nǹkan kan yóò bá gbiná nínú iṣẹ́ yìí, àkísà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bẹ́ ẹ bá fi òróró linseed pa igi lára, tẹ́ ẹ wá ká àkísà rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀, òróró yẹn á máa gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ nà án sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi.

Ní ti ìdérí tó tẹ̀, pákó jẹ̀bi, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọn ì báà ti là á di pákó, igi ṣì ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u sílẹ̀. Bó bá mu omi á wú, bó bá gbẹ á sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìbú rẹ̀, ọ̀nà tó dábùú ìlà ara igi, ló ń fẹ̀ tó sì ń sún. Ẹ gbé rúlà irin dábùú ìdérí náà. Bí àárín bá yọ sókè tí etí méjèèjì wálẹ̀, inú ló gbẹ ju òde lọ, ooru ẹ̀rọ ló sì gbẹ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ kun fáníṣì sókè nìkan kẹ́ ẹ fi abẹ́ sílẹ̀ níhòòhò, gbogbo wa la ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ara plywood kì í tètè ṣe èyí, torí awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tò léra, ìlà èyí dábùú ìlà ìyẹn, kálukú ń di ẹnìkejì rẹ̀ mú.

Ìdérí onígi àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ti rédíò kan ni, gúlúù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ yípo, ó dúró gbọn-in, mo sì ń fi yangàn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, mo gbọ́ "pàá!" lóru ọjọ́ kan. Mo rò pé fíyúùsì ló já. Mo tan iná, rédíò ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdérí ló là láti etí dé etí. Igi tó fẹ́ sún ni mo dè mọ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fi ojúlówó igi ṣe ìdérí, síkúrúù ni mo fi ń dè é, ihò rẹ̀ á sì gùn díẹ̀ sí ọ̀nà ìbú igi, kí igi lè rìn lábẹ́ orí síkúrúù. Òkè àti abẹ́ á sì mu fáníṣì bákan náà.

Ẹ lè gba tiyín là. Ẹ tẹ́ aṣọ tẹ́ ẹ fi omi rin díẹ̀ sílẹ̀, ẹ da ojú tó kó sínú dé e, kí òkejì kọjú sí oòrùn. Ojú tó gbẹ á mu omi, ìdérí á máa padà bọ̀ sípò. Ẹ máa wò ó lóòrèkóòrè, torí ó lè kọjá àyè rẹ̀ sí òdìkejì. Bó bá ti tọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ láàárín pákó méjì tẹ́ ẹ gbé ẹrù lé, kẹ́ ẹ tó kun ojú méjèèjì. Mi ò búra fún yín pé kò ní tún tẹ̀. Bí ooru abẹ́ rẹ̀ ò bá dínkù, á tún tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fólúùmù kò le, ìwọ̀n lásán ni. Ọrùn tí nọ́ọ̀tì ń yí mọ́ lára fólúùmù kì í sábà ju mìlímítà 6 sí 8 lọ, nọ́ọ̀tì àti wáṣà yóò sì jẹ nǹkan bíi mẹ́ta nínú rẹ̀. Pákó tó bá ti nípọn ju mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ ti gbé e mì. Ẹ tú gúlúù yẹn kúrò, kò ní pẹ́ já. Ọ̀nà kan ni kẹ́ ẹ ti inú gbẹ́ pákó kó fẹ́lẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ẹnu dírìlì tó ń gbẹ́ ihò olójú pẹrẹsẹ, kí ihò náà fẹ̀ tó láti gba ara fólúùmù. Ẹ fi téèpù sàmì sára ẹnu dírìlì kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró. Plywood tilẹ̀ máa ń sọ ibi tẹ́ ẹ dé fún yín: bẹ́ ẹ ti ń gbẹ́ ẹ, ẹ ó rí i tí ìlà igi ń yí padà, lóòró, níbùú, lóòró, ẹ ka awẹ́ igi tó wà létí pákó ṣáájú, ẹ máa kà wọ́n bẹ́ ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ dúró nígbà tó bá ku ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ mọ́ pákó míì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà fàya. Ọ̀nà kejì, èyí tí èmi fẹ́ràn, ni kẹ́ ẹ gé fèrèsé síwájú àpótí, kẹ́ ẹ fi àlùmíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà méjì dí i. Gbogbo fólúùmù, súwíìsì àti ihò ohùn á wà lára rẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì ti so àlùmíníọ̀mù náà mọ́ ground, ara wọn á di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀ láìsí wáyà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń lọ rèé: ẹ má fi pákó ṣe egungun ẹ̀rọ, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Ẹ tú rédíò onígi láyé 1930 wò. Igi tó ń dán lẹ ó rí níta, àmọ́ pẹpẹ irin kan ló wà nínú, tiransifọ́mà àti gílóòbù (valve) tó ń gbóná, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ampilifáyà láyé ìgbà yẹn, jókòó sórí rẹ̀, ẹ̀yìn àpótí sì ṣí sílẹ̀ tàbí kó kún fún ihò. Bẹ́ ẹ bá yọ síkúrúù mélòó kan, gbogbo ẹ̀rọ á gba ẹ̀yìn jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì lè tún un ṣe láìfọwọ́ kan igi. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ń to ẹ̀rọ sórí pẹpẹ irin, mo ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan bẹ́ẹ̀ níhòòhò, lẹ́yìn náà ni mo ń wọ̀n ọ́n kí n tó gé igi. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo pulọ́ọ̀gì rẹ̀ lára. Mo ti ṣe àpótí fún Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan, rí, mo wọ̀n bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní mìlímítà 85 sí 56 láìṣì, gbogbo ẹ̀ wọlé wẹ́kú. Nígbà tí mo fẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́, kò sí ibi tí orí wáyà máa gbà.

Lórí pẹpẹ irin yẹn ni wáyà earth, wáyà ààbò tó ti ara pulọ́ọ̀gì wá, ti ní ilé. Ẹ fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin tí ẹ ti fá ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, kì í ṣe síkúrúù igi, torí igi á sún, síkúrúù á dẹ̀. Ara tiransifọ́mà, irin tó ń tu ooru, àlùmíníọ̀mù iwájú, ohunkóhun tó jẹ́ irin tí ọwọ́ lè kàn níta, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Pé àpótí jẹ́ pákó kò yọ yín nínú èyí.

Àpótí irin odindi kò burú. Ó yá láti ra, ó ń tu ooru, iná kì í ràn án. Àmọ́ ó ṣòro láti gé bí ẹ ò bá ní irinṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi Wi-Fi tàbí Bluetooth sínú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, á dí i pa, nígbà tí pákó gbígbẹ á jẹ́ kó kọjá láìjanpata. Ọ̀nà mìíràn wà, òun sì ni mo máa ń gba ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan iná ilé rí nímọ̀ràn: ẹ fi tiransifọ́mà sílẹ̀, ẹ lo ṣájà tí wọ́n ti ṣe tán, irú ti kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀, kó wà níta, kó jẹ́ pé fọ́ltì kékeré nìkan ló ń wọ àpótí, bí bọ́ọ̀dù yín bá gbà á. Kíkùn tiransifọ́mà á lọ, ìdajì ìbẹ̀rù iná á bá a lọ. Àwọn ṣájà kan ní ariwo tiwọn, ó ń dún ṣíì bí ejò, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ ò sì dá wà nínú fífi pákó ṣe é: nígbà tí wọ́n ń ta Apple-1, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ti Apple, ní 1976, bọ́ọ̀dù lásán ni wọ́n ń tà, àwọn kan nínú àwọn tó rà á ló sì fọwọ́ ara wọn kan àpótí igi fún un.

Mi ò rí ẹ̀rọ yín, ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé tiransifọ́mà jìnnà tí kíkùn ò yí padà rárá, tí fólúùmù náà ò sì mì í, ẹ ya àwòrán bí wáyà ground ṣe rìn kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹ tún gbogbo rẹ̀ tò sórí pẹpẹ, ẹ dá a padà sínú àpótí, ẹ bo ìdérí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọrin fún wákàtí méjì gbáko. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé abẹ́ ìdérí, lẹ́yìn náà lé pákó tó wà nítòsí tiransifọ́mà. Bí ọwọ́ yín bá lè dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ ka ení dé ẹ̀wá láìfà á kúrò, ẹ lè dè é pa. Bẹ́ ẹ bá fà á kúrò ní ẹ̀ẹ̀ta, ẹ lu ihò sí i.